Wọ́n Ní Olúwa Ló Ń Jí Mi

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń sùn fọnfọn títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ẹ fún ẹlòmíràn ní ìwé yìí kó kà á. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó dùbúlẹ̀ lálẹ́ àná tó ń wo àjà, tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí inú sì ń bí i sí ẹni tó ń hanrun náà. Mo mọ̀ yín. Ọ̀kan nínú yín ni mí. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀rọ̀ àwa tí a kì í rí oorun sùn rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Gbogbo ilé ló dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tójú rẹ̀ là sílẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Inísà. Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mi ò tíì pẹ́ púpọ̀ nílé ọkọ. Ọmọ Òkukù ni ọkọ mi, pákó ló ń tà ní Ìkìrun. Ọmọ kan ṣoṣo la ní, Bọ́láńlé, obìnrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti mú ju ti àgbàlagbà lọ. Mo ti bí méjì ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀ gbà wọ́n. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Bọ́láńlé ni ojú tí mo fi ń ríran, kò purọ́.

Ibà ló kọ́kọ́ mú mi ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá mi. Mo lo oògùn, ibà lọ, oorun ò padà wá. Mo máa ń sùn lọ lálẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti di aago méjì òru, ojú mi á là gbàgà bí ẹni pé ẹnì kan pè mí. Kò sí àlá, kò sí ariwo. N óò kàn máa wo òkùnkùn títí àkùkọ á fi kọ. Lákọ̀ọ́kọ́ mi ò kà á sí. Ta ni kì í ronú lẹ́yìn ikú ìyá? Àmọ́ oṣù kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ìgbà téèyàn fi ọwọ́ ata nu ojú. Mò ń kọ déètì sójú pátákó, n óò yíjú padà, n óò tún kọ ọ́. Mò ń na ọmọ tí kò ṣẹ̀. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́, aṣọ sì ń ṣò lọ́rùn mi.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ fún ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Mo rò pé wọ́n á ní kí n lọ rí dókítà ni. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Aago mélòó lẹ máa ń jí, Sísítà?"

"Aago méjì, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà. Kì í yẹ̀."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ẹ ò ṣàìsàn kankan. Olúwa ló ń jí yín. Àwọn kan ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó lè jí lásìkò yẹn. Ẹ̀yin rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá ń pè é ní àìsàn."

Ẹni tí kò bá gbé láàrin wa nígbà náà lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Nínú ìjọ wa, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń tòògbé níbi ìṣọ́ òru, wọ́n á gbé e dìde, wọ́n á ní kó dúró títí a ó fi ṣe àmín. Ẹni tí oorun kì í kùn, ẹni tó ní ẹ̀bùn ni. Ẹ wá rò ó wò: ohun tó ń pa yín lọ, ẹnì kan sọ fún yín pé adé ni. Ta ni kò ní dé e? Inú mi dùn. Mo fi ayọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ fún ọkọ mi pé wàhálà mi ti parí.

Wọ́n fi mí sínú ẹgbẹ́ aládùúrà. Níwọ̀n ìgbà tí mo kúkú ń jí, iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa jí àwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ ará ni kò ní aago tó ń dún. N óò mú tọ́ọ̀ṣì, n óò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, n óò kan fèrèsé, n óò ní, "Ará, ẹ dìde." Bí mo bá yípo tán, n óò padà sílé, n óò kúnlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, n óò máa gbàdúrà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n sọ mí ní Aago Ìjọ. Orúkọ náà wù mí. Ọkọ mi nìkan ni kò bá wọn pè é. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tó ò ń jí gbogbo Inísà, ta ni yóò bá wa mú ọ sùn?" Mo ní Sátánì ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí oorun ìbẹ̀rẹ̀ òru tí mo ń rí sùn tẹ́lẹ̀ náà fi ń lọ díẹ̀díẹ̀. N óò dùbúlẹ̀, àyà mi á máa lù kìkì, n óò máa retí aago méjì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò sí. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń gún nǹkan lẹ́yìnkùlé. Mo rí nǹkan dúdú kan tó ń sáré gba etí ògiri kíláàsì kọjá. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré tọ Mọ́mì lọ. Wọ́n ní ojú ìran mi ló ń là. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi nílé pé kí n bá àwọn wò ó. Ohun tó bá sáà wá sí mi lẹ́nu ni mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń rí irú nǹkan báyìí, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò sùn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ìtumọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọmọ ìyá mi wà ní Ìkìrun, Àǹtí Ráfátù, ẹ̀pà ló ń yan tà. Mùsùlùmí ni wọ́n, èmi ni mo kúrò nínú ẹ̀sìn náà. Wọ́n wá kí mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n bú sẹ́kún. Ìgbà tí wọ́n padà wá, wọ́n gbé àgbo dání àti ẹ̀fọ́ yánrin, pé ó máa ń mú oorun wá. Àwọn ará ọkọ mi ní Òkukù náà fi àgbo tiwọn ránṣẹ́ láti oko. Mọ́mì ní Ọlọ́run kì í bá àgbo pín ògo, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, wọ́n ò bá mi jà, wọ́n kàn lọ ra oògùn oorun lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Mo ń lò ó ní ìkọ̀kọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo sùn bí òkú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò ràn mí mọ́, mo sọ ọ́ di méjì, mo tún fi kún un. Oorun ò wá lálẹ́, ṣùgbọ́n oògùn náà wà lára mi ní gbogbo ọ̀sán bí aṣọ tútù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni mo fẹ́ wẹ Bọ́láńlé kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé omi kaná lórí sitóòfù, ó hó, mo dà á sínú bàsíà. Mo rántí pé mo bu omi tútù lé e. Mo rántí ìró rẹ̀ bí mo ṣe ń dà á. Mo rántí pé mo fi ọwọ́ kàn án, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣẹlẹ̀. Orí ìdúró ni oorun ti gbé mi lọ, mo sì lá gbogbo ìyẹn. Mo gbé ọmọ mi sínú omi tó ń hó.

Igbe rẹ̀ ló jí mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bó láti orúnkún délẹ̀. Aládùúgbò wa ló já a gbà lọ́wọ́ mi, nítorí èmi kàn dúró ni, mò ń wò ó.

Ó pẹ́ nílé ìwòsàn. Ọkọ mi ò nà mí, kò bú mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Màmá, ló wá láti Òkukù. Màmá kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n ní:

"Ọmọ yìí ń bá mi lọ."

"Màmá, ẹ ṣàánú mi."

"Àánú yín méjèèjì ló ń ṣe mí. Ọjọ́ tí mo bá fi ojú ara mi rí i pé ò ń sùn bí èèyàn, o ó gba ọmọ ẹ. Bí mi ò bá rí i, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà."

Mọ́mì wá kí mi. Wọ́n ní ọ̀tá ló bínú sí ẹ̀bùn mi, kí n fi kún ìṣọ́ òru. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa jí àwọn ará." Wọ́n ní kí n rántí Jónà tó ń sá fún ìpè. Mo ní kí ẹja gbé mi mì, ó tẹ́ mi lọ́rùn, bóyá inú ẹja á ṣókùnkùn tó láti sùn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń kan fèrèsé wọn kì í kí mi mọ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé orí mi ti dàrú. Ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí ẹ̀rù ń ba èmi náà pé òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun, àwọn ló sì sanwó, nítorí owó oṣù wa ò wọlé lásìkò náà. Láti òru lèèyàn ti ń dé ibẹ̀ kó tó lè rí nọ́ńbà gbà. Àwọn aboyún, àwọn arúgbó, àwọn ọmọ tí ara wọn gbóná, gbogbo wa la fún ara wa mọ́ bẹ́ǹṣì. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí: èmi tí mi ò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sùn lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ra ẹ̀kọ, nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi títí, wọ́n pe ẹni tó kàn. Bí a ṣe pàdánù ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ìgbà tí a tún lọ, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, wọ́n ń já mi léèékánná títí wọ́n fi pè wá.

Dókítà náà ti dàgbà, kì í kánjú. Kò bi mí pé kí ló ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi, tí ojú yín bá là lóru, kí lẹ máa ń ṣe, níbo lẹ sì ti máa ń ṣe é?" Mo sọ gbogbo rẹ̀, àdúrà, tọ́ọ̀ṣì, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń máàkì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó mi orí. Ó ní, "Mà, ọmọ iléèwé tó bá gbọ́ agogo lójoojúmọ́, kò ní dìde tí agogo bá dún? Ẹ̀yin lẹ lu agogo fún ara yín ní aago méjì. Bẹ́ẹ̀dì yín sì ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọ́fíìsì. Ara yín ò mọ̀ ọ́n sí ibi oorun mọ́." Nígbà tó gbọ́ iye oògùn oorun tí mò ń lò, ó dá mi dúró sí ilé ìwòsàn. Ó ní bí mo bá já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pa mí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi yọ mí kúrò lórí rẹ̀. Ẹ má fi ojú tín-ín-rín wo àkókò yẹn. Mo gbọ̀n, mo làágùn, mo bẹ àwọn nọ́ọ̀sì bí ọ̀mùtí.

Láti ibẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ. Ohun tí dókítà ní kí n máa ṣe kéré títí tó fi bí mi nínú. Asán ni wọ́n jọ. Ó ní kí n dìde ní àkókò kan náà láàárọ̀, yálà mo sùn tàbí mi ò sùn, kí n má sì dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án bó ti wù kó rẹ̀ mí tó. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà mí láyè rárá. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á ju ìgbálẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Gbogbo àgbàlá ni mo ń gbá, ojú mi sí ìlà oòrùn, mò ń kùn. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ yẹn àti ìgbálẹ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tó tún ń lé oorun kúrò lójú èèyàn tó wọn. Lálẹ́, mo jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, mo fi omi lílọ́ wẹ̀, mi ò fẹnu kan obì tàbí kọfí láti ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi gbé aago kúrò nínú yàrá, nítorí wíwò tí mò ń wò ó gan-an ló ń lé oorun lójú mi. A máa ń jókòó síta, n óò ro gbogbo ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fún wọn, àwọn á ní, "Ó ti tó, ìyókù di ọ̀la." Bí mo bá sì dùbúlẹ̀ tí oorun ò wá, dandan ni kí n dìde kúrò lórí ẹní, kí n lọ jókòó sórí àpótí lọ́ọ̀dẹ̀, láìtan iná, títí yóò fi kùn mí. Àwọn òru kan wà tí mo jókòó lórí àpótí yẹn títí wọ́n fi pe ìrun. Bó bá sì dàárọ̀, ìgbálẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù lọ wo ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ó ti sọ àpá. Màmá ló ń pè ní ìyá. Èmi, ó ń pè mí ní Àǹtí Inísà. Nígbà kan mo kàn gbé ife omi pé kí n mu, ó sáré sá sẹ́yìn ìró Màmá. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà, ẹkún ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ránṣẹ́ sí Màmá pé mo ti ń sùn. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n wá sí Ìkìrun, wọ́n tẹ́ ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n ní àwọn wá wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ tì yín, kó ní tí ẹ bá sùn òun yóò fún yín lọ́mọ yín, kí ẹ wá wò ó bóyá oorun yóò gba iwájú ilé kọjá. Mo di ojú. Mo ń mí bí ẹni tó sùn. Mo tiẹ̀ hanrun díẹ̀.

"Má hanrun mọ́," Màmá sọ nínú òkùnkùn. "O ò sùn."

"Màmá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn ni."

"Mo ti tọ́ ọmọ púpọ̀. Mo mọ èémí ẹni tó sùn, mo mọ ti ẹni tó ń díbọ́n."

Wọ́n lọ láàárọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sunkún ìyá mi tó kú, tí àwọn ará ìjọ ti ní kí n má sun nígbà ìsìnkú nítorí pé onígbàgbọ́ ni mí. Mo sun ti àwọn ọmọ méjì, mo sun ti ẹsẹ̀ Bọ́láńlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní kí n dákẹ́.

Ó tó bí ọdún kan kí Màmá tó tún wá. Dókítà ti sọ fún mi pé kí n má gbìyànjú láti sùn rárá, pé oorun kì í wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń lé e. Nítorí náà mo sọ fún Màmá kí a tó pa fìtílà: "Lónìí mi ò ní díbọ́n. Tí oorun ò bá kùn mí, n óò lọ jókòó síta. Ẹ má bínú." Wọ́n ní ó dáa. A dùbúlẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n bi mí pé kí ni mo máa ń rò tí mi ò bá sùn. Mo ní àwọn ọmọ méjì tó lọ ni. Wọ́n yíjú sí mi.

"Èmi náà sin ọmọ," wọ́n ní. "Mi ò sùn nígbà náà. Kò sẹ́ni tó pè mí ní wòlíì. Wọ́n ní kí n dìde lọ sóko." Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ oko náà, isu tí wọ́n ń gbìn, ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn rélùwéè. Mo ń dáhùn. Mi ò mọ ìgbà tí mi ò dáhùn mọ́.

Nígbà tí mo lajú, Màmá ti ká ẹní wọn. Wọ́n ní, "Mo pè ọ́, mo tún pè ọ́, o ò gbọ́. Wá mú ọmọ ẹ ní Sátidé."

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Mo ti padà sí Inísà, sílé ọkọ mi àti sẹ́nu iṣẹ́ mi. Mi ò sùn bí mo ṣe ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọge, mi ò sì ní sùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn òru kan ṣì ń bọ̀ tí ojú mi ń là. N óò dìde, n óò jókòó, n óò padà. Mo ṣì ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni, orí àga sì ni. Ìjọ mìíràn ni mò ń lọ.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí Bọ́láńlé padà sílé, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ó ti sùn, ni mo bá bojú wò ó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wò mí. Mo ní ṣé ebi ń pa á ni. Ó ní rárá. "Màmá ní kí n máa wò yín. Wọ́n ní tí ẹ ò bá sùn, kí n má jẹ́ kí ẹ wẹ̀ mí láàárọ̀."

Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama báyìí, ó ń wẹ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sùn ṣáájú mi rí. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, ó ń dúró, ó ń tẹ́tí sí èémí mi. Ohun tó ń ṣe mí, mo ti fún un láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pa fìtílà kíá, tí mo sì ń tètè sùn, kí ọmọ mi lè rí oorun sùn.